Bí a ṣe ń ṣe hash tí kò ní yí padà bí a bá tún ètò kọ̀ǹpútà tàn

Ní Adó-Èkìtì, mo kọ ètò kékeré kan fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, tí ó ń fi hash orúkọ ìlú ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá àkọsílẹ̀ rẹ̀. Hash ni nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà máa ń ṣírò láti inú ọ̀rọ̀ tí a bá fún un. Èmi lo hash() tí ó wà nínú Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, mo sì kọ àwọn nọ́ńbà náà sínú fáìlì. Iná lọ, iná dé, mo tún ètò náà tàn, kò sì rí àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́, bẹ́ẹ̀ fáìlì náà wà níbẹ̀ digbí.

Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ ṣí terminal (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), kí ẹ tẹ àṣẹ yìí lẹ́ẹ̀mejì:

python3 -c "print(hash('Ado'))"

Nọ́ńbà méjì tí kò jọra ni yóò jáde. Láti ẹ̀dà 3.3, tí ó jáde ní ọdún 2012, ni Python ti ń mú nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tuntun nígbàkúùgbà tí a bá tàn án, tí ó sì ń pò ó mọ́ hash àwọn ọ̀rọ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ẹni ibi tí ó bá mọ hash tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ní lè kó ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí hash wọn dọ́gba ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ kan, kí iṣẹ́ ẹ̀rọ náà lè falẹ̀ títí yóò fi dáwọ́ dúró. Ẹ má fi odidi nọ́ńbà dán an wò o, torí pé hash(7) kì í kúrò ní 7, ìyẹn sì lè tan yín jẹ.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi PYTHONHASHSEED, ibi tí a ti ń yan nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ náà, sí 0. Lóòótọ́, nọ́ńbà náà yóò dúró lórí ẹ̀dà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n Python pààrọ̀ ọ̀nà ìṣírò náà ní ẹ̀dà 3.4, ó sì tún pààrọ̀ rẹ̀ ní 3.11, nítorí náà èmi kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Ti Java, èdè ètò kọ̀ǹpútà mìíràn, yàtọ̀: ìwé ìlànà rẹ̀ kọ ìṣírò hashCode ti String (ìyẹn, hash ọ̀rọ̀) sílẹ̀, débi pé "Ado" yóò máa jẹ́ 65676 níbi gbogbo (65, 100 àti 111 ni nọ́ńbà lẹ́tà A, d àti o: 65×961 + 100×31 + 111).

Ohun tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú sínú fáìlì, SHA-256 ni kí ẹ fi ṣe é. Ọ̀nà ìṣírò hash tí a kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ ni, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú èdè kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀dà tí ẹ ń lò.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a ń kọ Yorùbá. Báìtì, ìyẹn nọ́ńbà kéékèèké tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ni SHA-256 ń kà, kì í ka ohun tí ojú rí. A lè kọ "Adó" kí ó jẹ́ báìtì 4, bí lẹ́tà o àti àmì òkè rẹ̀ bá wọlé pọ̀ bíi lẹ́tà kan ṣoṣo; ó sì lè jẹ́ báìtì 5, bí a bá tẹ o kí a tó fi àmì òkè lé e lórí. "Ọ̀yẹ́" tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè lè wọlé ní oríṣiríṣi ọ̀nà, kí gbogbo rẹ̀ sì jọra lójú bí ìbejì. Foonu ẹnì kan ní Ìkẹ́rẹ́ àti kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ní Ìjerò lè máà kọ orúkọ kan náà bákan náà. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ìlànà NFC ti Unicode (ètò tí ó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà) kó gbogbo rẹ̀ sí ojú kan:

import hashlib, unicodedata
def ami(oruko):
    o = unicodedata.normalize("NFC", oruko.strip())
    return hashlib.sha256(o.encode("utf-8")).hexdigest()

NFC kò ní fi àmì sórí "Ado" tí a kọ láìlámì o. Ẹ ní láti fẹnu kò lórí bí ẹ ó ṣe máa kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ "sha256-nfc" ṣáájú hash kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì, kí ẹni tí yóò bá a pàdé lẹ́yìn yín lè mọ bí ẹ ṣe ṣe é. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá gba ẹ̀dà Python tuntun, ẹ ṣírò ami(""), ìyẹn hash ọ̀rọ̀ tí kò ní lẹ́tà kankan, kí ẹ tó gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́: e3b0c442 ni ó gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀.