Gíláàsì sólà tó ń se omi: ẹ má da omi tútù sí i lọ́sàn-án

Ẹ̀yin aládìyẹ, ẹ̀yin ẹlẹ́ja, ẹ̀yin ìyá onílé tí ẹ gbé ẹ̀rọ sólà tó ń se omi sórí òrùlé, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Kì í ṣe sólà tó ń mú iná wá o. Èyí tó ń mú omi gbóná ni mò ń sọ, tó ní gíláàsì gbọọrọ dúdú 15 tàbí 20 tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí táńkì sì wà lókè orí wọn.

Lóṣù Ẹrẹ́nà tó kọjá, gíláàsì 12 ló fọ́ nínú 20 níbi tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ti ń pa adìyẹ tà. Wọ́n pè mí, kí n tó débẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, torí ohun kan náà ni mo máa ń bá níbi gbogbo. Máńgò já bọ́ lu gíláàsì kan láàárọ̀, ó fọ́. Ẹ sì mọ̀ pé inú táńkì ni ẹnu gbogbo wọn wà, tí ọ̀kan bá ti fọ́ omi táńkì á gba ibẹ̀ dà nù tán. Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ fi rọ́bà dí ihò yẹn, ìyẹn dáa, ó gbọ́n. Àmọ́ aago méjì ọ̀sán ló wá ṣí omi sí i. Pàá! Pàá! Pàá! Ọ̀kan tí máńgò fọ́ di 12, àwọn tó ti pa adìyẹ sílẹ̀ wá ń wá igi ìdáná kiri.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ gbàgbé gbogbo ohun tó kù nínú ìwé yìí, ẹ mú èyí dání: gíláàsì tí kò sómi nínú ẹ̀, tí oòrùn sì ti ń pa á, omi tútù ò gbọdọ̀ kàn án. Kò sí "mo rọra ń dà á ni o". Kò sí "díẹ̀ ni mo fi tọ́ ọ wò". Gíláàsì tó ṣófo lójú oòrùn, inú ẹ̀ máa ń gbóná kọjá 200 dígírì, omi kànga yín ò ju bíi 27 lọ. Ẹni tó bá ti da omi tútù sínú ago gíláàsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lórí iná rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn kan á ní, ṣebí òjò ń rọ̀ lé e lọ́sàn-án gangan, kò sì fọ́. Mo ti gbọ́ ìyẹn kó tó ogún ìgbà. Gíláàsì tòde ni òjò ń rọ̀ lé, tòde kì í gbóná, ẹ fọwọ́ kàn án kẹ́ ẹ wò ó. Tinú ni iná wà.

Bí wọ́n ṣe ṣe é

Mi ò bá má sọ apá yìí, àmọ́ mo ti rí i pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ tó wà lára gíláàsì yìí kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Gíláàsì méjì ni, ọ̀kan wà nínú ọ̀kan. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, tòde fẹ̀ ní mílímítà 58, tinú jẹ́ 47, gíláàsì náà fúnra ẹ̀ nípọn ní 1.6, gígùn ẹ̀ 1800. Dúdú tí ẹ ń rí yẹn kì í ṣe ọ̀dà tí wọ́n kùn. Ẹ̀yìn gíláàsì tinú ló wà, nínú àlàfo tó wà láàárín méjèèjì, ọwọ́ ò lè tó o láéláé.

Ní ilé iṣẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ fọ gíláàsì tinú títí tí ò fi ní sí òróró tàbí àmì ìka kankan lára ẹ̀, torí ibi tí ìka bá kàn ni àwọ̀ náà á ti máa ṣí. Wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á tò ó sínú àgbá irin ńlá kan, wọ́n á wá fa afẹ́fẹ́ inú àgbá yẹn jáde títí tó fi máa kù díẹ̀ kó má sí rárá. Wọ́n á jẹ́ kí gáàsì argon tíńtín wọlé, wọ́n á ti iná mànàmáná sí i, gáàsì yẹn á máa tàn yòò, á máa gbá ọ̀pá alumíníọ́mù tó dúró láàárín, èérún alumíníọ́mù tójú ò lè rí á sì máa ta kúrò lára ọ̀pá lọ lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Tó bá yá wọ́n á máa fi gáàsì nitrogen kún un díẹ̀díẹ̀, kí ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ọn lókè má jẹ́ alumíníọ́mù lásán mọ́. Gbogbo àwọ̀ náà lápapọ̀, kẹ́ ẹ to 50 irú ẹ̀ léra, kò tíì nípọn tó irun orí kan. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn 100 tó bá kàn án, ó ń gbé ohun tó lé ní 90 mì, ooru tó sì ń tú padà kéré gan-an. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yin Zhiqiang ti Tsinghua University ní Beijing ló ṣiṣẹ́ lórí irú àwọ̀ yìí láàárín àwọn ọdún 1980, ìdí nìyẹn tó fi kún Ṣáínà bámúbámú, tí tiwa náà fi ń ti ibẹ̀ wá.

Àwọn tó ń tà á á máa sọ fún yín pé àwọ̀ dúdú tiwọn ní bàbà, ó ní stainless, ó tún ní alumíníọ́mù, "three target" ni, ìyẹn ni pé irin mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Òótọ́ ni, ó wà, ó sì dáa. Kò ní kó má fọ́ tẹ́ ẹ bá da omi tútù sí i.

Lẹ́yìn àwọ̀ yẹn, wọ́n á ti tinú bọ tòde, wọ́n á fi iná yọ́ ẹnu méjèèjì pọ̀, wọ́n á gbé e sínú ààrò, bó ṣe ń gbóná lọ́wọ́ ni wọ́n á máa fa afẹ́fẹ́ àlàfo yẹn jáde láti ìdí ẹ̀, wọ́n á wá yọ́ ìdí náà dí. Ṣónṣó kékeré tẹ́ ẹ máa ń rí nídìí ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti dí i. Tó bá ṣẹ́, ó tán nìyẹn, afẹ́fẹ́ ti wọlé. Ẹ má nà án dúró lórí ṣónṣó yẹn, ẹ má fi lu ilẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi ṣeré. Ohun tó ń dán bíi dígí nídìí ẹ̀ jẹ́ bàríọ́mù, irú irin kan, wọ́n mú un gbóná láti ìta títí tó fi di oru tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì nínú, òun ló ń gbé ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó bá ṣẹ́ kù mì.

Ní kúkúrú, fláàsìkì tíì ni. Fláàsìkì onígíláàsì ìgbà yẹn, tẹ́ ẹ bá gbọ̀n ọ́n tó ń dún ṣakaṣaka ẹ mọ̀ pé ó ti lọ. Ibi tí kò sí afẹ́fẹ́ ni àwọ̀ dúdú yẹn wà, omi ò kàn án, eruku ò kàn án, ìdí nìyẹn tó fi lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìṣí.

Ẹ má sọ pé oòrùn ti wọ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ti gbọ́ pé kí wọ́n má da omi sí i lọ́sàn-án, wọ́n á wá dúró di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní ó ti tutù. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Fláàsìkì ni mo pè é! Ohun tó ń jẹ́ kí omi yín gbóná di òru, òun kan náà ló ń de ooru mọ́ inú gíláàsì tó ṣófo. Kì í tètè tutù. Nítorí náà tí omi táńkì bá tán lójú oòrùn, ohun àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ ti táàpù tó ń mú omi wọlé pa. Ẹ ti i kẹ́ ẹ tó pe plọ́mbà, kẹ́ ẹ tó pe èmi. Ẹ̀kejì, ẹ fi tapólì tó nípọn bo gbogbo gíláàsì náà pátá, kì í ṣe ọ̀rá funfun tí oòrùn ń là kọjá, ẹ so ó kí atẹ́gùn má ṣí i. Ẹ wá fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kí aago méje àárọ̀ tó lù, kí oòrùn tó dé ara ẹ̀, ẹ ṣí omi sí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí táńkì á fi kún tí omi á máa jáde níbi ìdà-nù, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó ká tapólì.

Gíláàsì kan ń gba omi bíi lítà 2.7. Ti 20 jẹ́ 54, tí táńkì yín bá jẹ́ ti 200, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 254, bọ́kẹ́ẹ̀tì onílítà 20 mẹ́tàlá nìyẹn. Mò ń sọ èyí torí àwọn tó ń pọn omi gun àkàbà. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní lè pọn mẹ́tàlá kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, torí gíláàsì tó bá kún dé ìdajì nígbà tí oòrùn yọ sí i, ẹ ti tún padà sínú wàhálà àná.

Wàhálà tó le jù ni ti àwọn tó so omi pọ̀ mọ́ pámpù tààrà. Iná lọ láàárọ̀, ẹ ń lo omi, omi tán. Aago kan ọ̀sán wọ́n mú iná dé, ẹ ò sí nílé pàápàá, pámpù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, omi tútù ti ń wọlé. Kò sí ẹni tó fọ́ ọ, iná ló dé! Ẹ fi táàpù kan sí ẹnu ọ̀nà omi yẹn níbi tí ọwọ́ lè tó, ẹ fi ọ̀dà pupa kùn ún, kí gbogbo ilé mọ̀ pé omi bá ti tán, táàpù yẹn la kọ́kọ́ ń tì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe é. Àgbà ni kì í ṣe é, torí àgbà ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin plọ́mbà náà, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ máa ń to gbogbo gíláàsì láago mọ́kànlá àárọ̀, ẹ ó wá ní omi ò tíì dé, ẹ ó padà wá lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, páálí tí wọ́n fi dì í wá, ẹ fi bò ó bẹ́ ẹ ṣe ń tò ó, ẹ má ṣí i títí omi á fi kún un. Rọ́bà òrùka ẹnu ẹ̀, omi ọṣẹ lẹ ó fi pa á, ẹ máa yí i bẹ́ ẹ ṣe ń tì í. Kì í ṣe vaselínì, kì í ṣe kẹrosíìnì, kì í ṣe ọ́ìlì ọkọ̀, gbogbo wọn ló ń jẹ rọ́bà. Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ o, ó kéré jù kó dagun ní dígírì 15, kó kọjú sí gúúsù, torí omi gbígbóná gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gun òkè.

Tẹ́ ẹ bá ń rà á, ẹ wo ìdí ẹ̀. Kó máa dán bíi dígí. Tó bá funfun bí ẹfun, afẹ́fẹ́ ti wọlé, ẹ dá a padà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín. Èyí tó ti wà lórí òrùlé pẹ́ náà, ẹ lè fọwọ́ kan ara ẹ̀ lọ́sàn-án nígbà tí omi wà nínú ẹ̀. Tí ara ọ̀kan bá ń gbóná tí ti ìyókù ò gbóná, ó ti ń jo afẹ́fẹ́. Kò tíì fọ́, àmọ́ omi òru yín kò ní gbóná mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ rírọ̀ àti omi lásán nu eruku ara tòde, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó.

Fún àwọn tó ń fi omi gbígbóná bọ adìyẹ láti tu ìyẹ́ ẹ̀: omi táńkì lè tó 80 dígírì lọ́sàn-án, ó pọ̀ jù, awọ adìyẹ á máa bọ́ tìyẹ́tìyẹ́, oníbàárà ò ní rà á. Bọ́kẹ́ẹ̀tì 5 gbígbóná sí 3 tútù á fún yín ní bíi 60, ẹ ri adìyẹ sí i fún ìṣẹ́jú kan, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ra tẹmọ́mítà, ẹ má fi ìgbọ̀nwọ́ wọ̀n ọ́n. Ẹlẹ́ja tó ń pa ẹyin ẹja àrọ̀ nígbà ọyẹ́, ìta ni kẹ́ ẹ ti po omi yín dé 28 kẹ́ ẹ tó dà á sí táńkì ẹyin, ẹ má gbé ọ̀pá omi sólà wọ ibẹ̀ tààrà. Ọmọdé ò sì gbọdọ̀ tó táàpù omi gbígbóná yẹn láéláé, omi 80 dígírì kì í ṣeré.

Ẹ ní gíláàsì mẹ́ta lápamọ́, kí rọ́bà ìdíhò méjì wà pẹ̀lú wọn. Inú yàrá lẹ ó gbé wọn sí, nínú páálí wọn, kẹ́ ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ gbọọrọ, kí ìdí wọn má kan ògiri. Ẹgbẹ́ tí mo sọ yẹn ní mẹ́ta lápamọ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n fi ti ara igi máńgò.