Bí Ohùn USB Bá Ń Kùn Tàbí Tó Ń Já, Ẹ Wo Ohun Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rẹ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì lọ ra òmíràn. Lọ́pọ̀ ìgbà tí máíkì tàbí spíkà USB bá ń pariwo, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹ̀rọ mìíràn tó wà nítòsí ló ń dí i lọ́wọ́. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ju máíkì tó dáa nù, tí ẹlẹ́bi sì wà lórí tábìlì kan náà.

Etí ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, torí ariwo kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ti ń wá.

Bó bá ń kùn bí oyin, láìdúró, láìyí ohùn padà, ọ̀dọ̀ iná mànàmáná ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Iná ilé máa ń lọ síwá sẹ́yìn nígbà 50 tàbí 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí laptop bá ń gba iná níhìn-ín, tí spíkà ń gba tiẹ̀ lọ́hùn-ún, tí wáyà ohùn sì so wọ́n pọ̀, iná lè máa yí po gba inú wáyà náà. Ẹ yọ ṣájà laptop, kí ẹ jẹ́ kí bátìrì gbé e. Bí ariwo bá dákẹ́, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ ki méjèèjì bọ ojú iná kan náà. Bí ìyẹn ò bá ran án, USB isolator wà, tó ń ya iná kọ̀ǹpútà kúrò lára ẹ̀rọ ohùn. Ẹ rí i pé èyí tí ẹ fẹ́ rà yá tó fún ẹ̀rọ yín. Àmọ́ ẹ má ṣe gé ẹsẹ̀ wáyà ilẹ̀ lára plọ́ọ̀gì láéláé. Ẹ̀mí ni ẹsẹ̀ yẹn ń dáàbò bò.

Bó bá ń súfèé tín-ín-rín, ìlù tí USB fúnra rẹ̀ fi ń fi dátà ránṣẹ́ lẹ ń gbọ́: ìgbà 1,000 tàbí 8,000 ló ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ gbìyànjú ihò mìíràn, tàbí hub (àpótí kékeré tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) tó ní ṣájà tirẹ̀.

Bí ohùn bá ń já, tó ń dún pa-pa-pa, èrò ló pọ̀ lójú ọ̀nà. Gbogbo ohun tó wà lórí hub USB 2.0 kan ló jọ ń pín 480 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí fáìlì bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, kọ̀ǹpútà á tún un fi ránṣẹ́. Ohùn kò lè dúró de àtúnṣe, èyí tó bá sọnù ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí fáìlì fi ń dé pé, tí ohùn sì ń já. Iná náà lè má tó: ihò USB 2.0 kan, iná 500 mA (milliampere) ló máa ń fúnni, hub tí kò ní iná tirẹ̀ á sì pín in fún gbogbo ohun tó gbé. Ẹ fún ẹ̀rọ ohùn ní ihò tirẹ̀ lára kọ̀ǹpútà. Kí kámẹ́rà àti hard disk jọ wà lórí hub.

Headset aláìní-wáyà ló ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Ní 2012, Intel tẹ ìwé kan jáde tó fi hàn pé ẹ̀rọ USB 3.0 àti wáyà rẹ̀ ń da ariwo sójú ìgbì rédíò 2.4 GHz, ibẹ̀ gan-an sì ni Bluetooth àti ọ̀pọ̀ headset ń gbà. Bí agbàhùn kékeré rẹ̀, èyí tí a ń ki bọ ihò USB, bá fara ti hard disk USB 3.0, ohùn á máa já. Ẹ fi wáyà ìfàgùn gbé e jìnnà sí i. Ohun kékeré ni, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Fóònù tó ń lo 2G náà máa ń dún tìrì-tìrì nínú spíkà. Ẹ gbé e kúrò nítòsí.

Bí ẹ kò bá tíì mọ èwo ni, ẹ yọ gbogbo rẹ̀, kó ku ẹ̀rọ ohùn nìkan. Ẹ wá dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa tẹ́tí. Bí ariwo bá wà síbẹ̀ nígbà tó ku òun nìkan, ẹ pààrọ̀ wáyà rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sára kọ̀ǹpútà mìíràn. Bó bá tún pariwo níbẹ̀, ẹ lè wá ra òmíràn.