Bí a ṣe ń yan ẹ́dítọ̀ ọ̀fẹ́ fún kíláàsì kóòdù lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní kóòdù ní Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán lè bá kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ṣì ń lo Windows 7 nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má kọ̀ wọ́n. Ẹ́dítọ̀, ìyẹn ohun èlò tí a fi ń tẹ kóòdù, ni kí ẹ fara balẹ̀ yàn.

Èyí tí kò lágbára jù nínú àwọn ẹ̀rọ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti Pause pa pọ̀: ẹ ó rí iye RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́, ẹ ó sì mọ̀ bóyá Windows 32-bit ni ó ń lò tàbí ti 64-bit, nítorí ẹ̀dà tó bá a mu ni ẹ ó fi sí i. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn bá lè gbé ni kí gbogbo kíláàsì lò. Bí ti ọmọ kan bá yàtọ̀ sí ti èkejì, wíwá bọ́tìnì ni ẹ ó fi gbogbo àsìkò ṣe.

VS Code, ẹ́dítọ̀ ti Microsoft, ni àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo. Ó dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n odidi bíráwúsà ló wà nínú ikùn rẹ̀; bí RAM bá jẹ́ 2GB, ẹ ó jókòó tì í títí. Ẹ̀dà tuntun rẹ̀ kò tilẹ̀ gba Windows 7 mọ́.

Bó bá jẹ́ HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù, lẹ fẹ́ kọ́ wọn, ẹ́dítọ̀ Notepad++ ni tèmi. Ó ti wà láti 2003, kò wúwo, ẹ̀dà 32-bit rẹ̀ sì wà. Ẹ wà á jáde lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e sórí fláàṣì, kí ẹ fi í sórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan; dátà yín ò ní ṣòfò. Ẹ ṣí Settings, Preferences, Backup, kí ẹ rí i pé “periodic backup” wà ní títàn. Ní ìṣẹ́jú àáyá méje-méje ló ń tọ́jú ohun tí ọmọ tẹ̀, kódà bí kò bá tíì fi í pamọ́. Ẹni tó mọ bí iná ọba ṣe ń ṣe níhìn-ín á mọ ìwúlò èyí.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Encoding, ẹ yan UTF-8, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, kí àwọn ọmọ sì kọ <meta charset="utf-8"> sínú head, ìyẹn apá òkè fáìlì HTML. Àìṣe bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí “Ọ̀fà” di wúruwùru lójú bíráwúsà. Notepad lásán ti Windows 7 kì í tọ́jú ẹ, ọ àti ṣ àfi tí a bá yan UTF-8 tàbí Unicode fún un nígbà tí a bá ń fi fáìlì pamọ́.

Fún èdè kóòdù Python, ẹ́dítọ̀ Thonny ni. Yunifásítì Tartu ní Estonia ló ti ṣẹ̀, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni wọ́n sì ṣe é fún. Python ti wà nínú rẹ̀. F5 ni a fi ń mú kóòdù ṣiṣẹ́. Python 3.8 ló gba Windows 7 kẹ́yìn, nítorí náà ẹ̀dà Thonny tí Python 3.8 wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ wá fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ tí Windows ti sú pátápátá, ẹ fi antiX Linux, ètò fífúyẹ́ tó ń rọ́pò Windows, sí i, kí ẹ lo ẹ́dítọ̀ Geany.

Kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣí ẹ́dítọ̀ àti bíráwúsà pa pọ̀ lórí ẹ̀rọ tó gbó jù, kí ẹ tẹ ìlà bí ogún kíákíá. Bí lẹ́tà bá ń fà sẹ́yìn ọwọ́ yín, ẹ wá òmíràn.