Bí mo ṣe gbé kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi wọ inú fóònù màámi

Kásẹ́ẹ̀tì 9 ni bàbá mi fi sílẹ̀ nínú páálí bàtà kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohùn àwọn àgbà ilé wa ní Ẹ̀pẹ́ ló kún inú wọn: ààlọ́, oríkì, ìtàn bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá síbí lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l'Ékòó ní 1851, àti ọ̀rọ̀ ẹja pípa lórí ọ̀sà, èyí tó pọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Lálẹ́ ọdún Káyó-káyó ni bàbá máa ń gbé rédíò wọn sáàárín ilé, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì pupa, wọ́n á wá jókòó sẹ́yìn bí ẹni pé àwọn ò sí níbẹ̀.

Mo ti fi fóònù gba díẹ̀ sílẹ̀ létí rédíò tẹ́lẹ̀, WhatsApp la sì fi ń pín in. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Kánádà á béèrè ààlọ́ kan, màá fi ránṣẹ́. Fóònù màámi á kún, wọ́n á ní kí ọmọ kan bá wọn pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀, ààlọ́ á bá a lọ. Ni a ó bá tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan màámi pè mí láti ọjà Olúwo, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja: "Ọkọ mi, ohùn bàbá yín ti tún jábọ́ nínú fóònù mi o." Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé mi dìde.

Rédíò ni mo kọ́kọ́ gbé lọ ṣe. Rọ́bà tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀ ti rọ̀ bí àmàlà àná. Ọkùnrin tó tún un ṣe wá òmíràn sí i, ó fi òwú àti sìpíríìtì nu irin tó ń ka téèpù, ìdọ̀tí tó jáde dúdú bí àdí. Téèpù kan ti lọ́, mo fi bíírò yí i padà bí a ṣe máa ń ṣe nígbà tá a wà lọ́mọdé. Mo fi wáyà so ihò íapíìsì rédíò mọ́ kọ̀ǹpútà, mo ṣí Audacity, áàpù ìgbohùnsílẹ̀ tó jẹ́ ọ̀fẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á sílẹ̀.

Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú nínú iṣẹ́ yìí. C90 ni gbogbo wọn, ìṣẹ́jú 45 ni ojú kan, ìṣẹ́jú 45 náà lèèyàn máa fi jókòó tì í. Ojú 18 jẹ́ wákàtí 13 àti ààbọ̀. Ní ojú kẹfà, iná lọ nígbà tó ku díẹ̀ kó parí. Kọ̀ǹpútà kú lọ́gán, torí bátìrì rẹ̀ kì í gbé nǹkan dúró mọ́. Ṣùgbọ́n bátìrì ni rédíò ń lò ní tiẹ̀. Mo yọ wáyà, àwọn àgbà ṣì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ nínú òkùnkùn, kò sí ohun tó ń gbà á sílẹ̀, mi ò sì lè pa á. Mo jókòó, mo gbọ́ ọ tán.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gé e sí wẹ́wẹ́, ìtàn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Mo yọ ariwo, mo yọ ìró ìlẹ̀kùn, mo yọ ikọ́, mo ní iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni mò ń ṣe. Ojú kan tó jẹ́ 476MB ní WAV, irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀, mo sọ ọ́ di MP3, tó máa ń fún un kéré, ní mono àti 48 kbps, ó di 16MB. Ohùn èèyàn ni, kì í ṣe orin. Kò sẹ́ni tó máa ta ko ìyẹn.

Àbúrò bàbá mi ní kí n má gbé oríkì ìdílé sí ìta gbangba, mo sì rí i pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì 2 sẹ́yìn. Àwọn 7 tó kù ni mo gbé sórí GitHub Pages, ibi tí èèyàn lè gbé sáìtì sí, tí kì í gba owó fún sáìtì kékeré tí kò bá ju 1GB lọ. Mo kọ noindex sí i, kí Google má bàa máa gbé e fún àlejò. Àwọn tí mo ń ṣe é fún kò ní wá a lórí Google láéláé.

Ohun tí mo fẹ́ gan-an ni pé kí sáìtì yìí dúró lójú fóònù bí áàpù, kó sì máa sọ̀rọ̀ nígbà tí dátà bá tán. Progressive web app ni wọ́n ń pè é, láti 2015 tí Alex Russell àti Frances Berriman ti fún un lórúkọ. Fáìlì kékeré kan á sọ orúkọ àti àwòrán rẹ̀ fún fóònù. Èkejì, service worker, ni mo máa ń pè ní ọmọ ọ̀dọ̀. Ó dúró sáàárín sáìtì àti íntánẹ́ẹ̀tì. Bí sáìtì bá fẹ́ nǹkan, ọmọ ọ̀dọ̀ á kọ́kọ́ wo inú àká, ìyẹn ibi tí fóònù ń kó nǹkan sáìtì pa mọ́ sí. Bó bá wà níbẹ̀ á gbé e wá, bí kò bá sí á jáde lọ wá a. Kì í ṣiṣẹ́ àfi lórí HTTPS, ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ààbò sí, GitHub sì ti ṣe ìyẹn fún wa.

Ibí ni ojú mi ti rí màbo. Àwòrán wọ inú àká, ọ̀rọ̀ wọ inú àká, ohùn kọ̀ jálẹ̀. Alẹ́ méjì ni àṣìṣe kan tí wọ́n ń pè ní TypeError fi ń pọ́n lójú kọ̀ǹpútà, tí mò ń bú u. Ẹni tó bá ti dúró ní ọjà Olúwo rí á tètè lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀: àwọn oníbàárà kan kì í ra odindi ẹja, gígé ni wọ́n ń rà. Bí ẹ̀rọ tó ń gbóhùn jáde nínú sáìtì ṣe ń ṣe nìyẹn. Kì í ní kí wọ́n gbé fáìlì wá, abala ló ń béèrè, láti báìtì báyìí lọ. Sáfà, kọ̀ǹpútà tí sáìtì wà lórí rẹ̀, á gé e fún un, á kọ 206 sí i lára, ìyẹn ni pé abala nìyí. Àká kì í sì í gba 206. Odindi tó ní 200 lára ló ń gbà.

Mo wá fi bọ́tìnnì kan sábẹ́ ìtàn kọ̀ọ̀kan, "Fi pa mọ́". Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, odindi fáìlì ló máa wọ inú àká. Bí ẹ̀rọ bá wá béèrè abala, ọmọ ọ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa gé e látinú odindi tó wà nílé, á kọ 206 sí i lára bíi ti sáfà. Ìlà kóòdù bíi 20 ni gbogbo rẹ̀. Láìṣe bẹ́ẹ̀, iPhone ẹ̀gbọ́n mi kò fọhùn rárá. Mo sì tẹnu mọ́ ọn fún wọn pé kí wọ́n gbé e sójú fóònù, torí bí wọ́n bá fi í sínú Safari lásán, èyí tí iPhone fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n lo Safari fún ọjọ́ 7 láìyà síbẹ̀, ohun tó wà nínú àká á lọ.

Ó ku àpótí ìwárí. Mo tẹ "ijapa", kò rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ààlọ́ ìjàpá 11 ló wà níbẹ̀. Àmì ohùn ló fà á. Kódà ẹni tó bá fi àmì sí i lè má rí i: èèyàn lè kọ ọ̀ kó jẹ́ ọ tí a fi àmì lé lórí, tàbí ò tí a fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan náà ni lójú wa, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lójú kọ̀ǹpútà. Mo ní kí ó fi normalize("NFD") tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kó sì ju àwọn àmì nù, àwọn tí nọ́ńbà wọn lójú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ láti U+0300 títí dé U+036F, kó tó fi wọ́n wéra. Ìyà ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá tẹ "oko" á rí ọkọ̀, ọkọ́, ọkọ àti oko pọ̀. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ìtàn apẹja, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Àbúrò mi tó wà n'Ílọrin ní RSS ni òun fẹ́, fáìlì tó ń sọ fún áàpù pé ìtàn tuntun ti dé, kí ìtàn lè máa wọlé fúnra rẹ̀ sínú AntennaPod, áàpù tí òun fi ń gbọ́ pọ́díkáàsì. Mo kọ ọ́ fún un ní ọ̀sán kan. Nǹkan ọdún 1999 ni RSS. Google Reader, tó ń ka RSS, ti lọ ní 2013, Google Podcasts tẹ̀ lé e ní 2024, RSS ṣì wà.

Màámi kì í lo àpótí ìwárí, wọn kì í sì í fẹ́ ka lẹ́tà wínníwínní. Àwòrán ni mo fi síwájú ìtàn kọ̀ọ̀kan: ìjàpá, ọkọ̀, àwọ̀n, ìlù. Mo gba fóònù wọn ní ìsọ̀, ìpẹ́ ẹja wà lára rẹ̀, mo tẹ àmì tótòtó mẹ́ta inú Chrome, mo tẹ "Add to Home screen". Mo fi ìtàn 5 pa mọ́ fún wọn, nǹkan bíi 4MB lọ́kọ̀ọ̀kan, mo pa dátà, mo ní kí wọ́n tẹ ọkọ̀.

Wọ́n gbé e sétí, wọ́n gbọ́ ọ títí dé àárín. Wọ́n dá a dúró, wọ́n wojú mi.

"Ikọ́ dà?"

"Ikọ́ wo, mà?"

"Bàbá yín máa ń wúkọ́ níbí yìí. Ohùn àbúrò wọn ni gbogbo ìyókù."

Mo padà délé, mo ṣí WAV tí mo ti fẹ́ pa rẹ́ torí àyè, mo gbé ikọ́ náà padà sípò rẹ̀, àti ìró ìlẹ̀kùn. Nígbà tí mo gbé e sórí sáìtì, ọmọ ọ̀dọ̀ ṣì ń fún wọn ní ti àtijọ́ tó wà nínú àká, àfìgbà tí mo yí orúkọ àká láti v1 sí v2, tí wọ́n sì tún tẹ "Fi pa mọ́". Nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ wọ́n pè mí. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ọ, wọ́n béèrè bóyá mo ti jẹun, wọ́n pa fóònù.