Kànga gbẹ, sókàwéè kún: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́

Ìbéèrè (Tákíé): Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Nígbà òjò, kànga wa máa ń kún débi pé okùn kúkúrú ti tó láti fà á. Tó bá ti di oṣù kejì, ó ti gbẹ táútáú. Ti aládùúgbò wa kì í gbẹ. Ṣé ibi tí a gbẹ́ ẹ sí ni kò dáa?

Ìdáhùn: Ó jọ pé kò jìn tó ni. Orí àpáta líle, irú gíránáìtì, ni Ògbómọ̀ṣọ́ wà. Àpáta tí kò sán kò fi àyè sílẹ̀ fún omi. Àyè inú rẹ̀ kì í sábà tó ìdá 1 nínú 100. Apá òkè rẹ̀ tó ti jẹrà láti ayébáyé ló ń gba omi dúró fún wa. Bí ẹ bá ń gbẹ́lẹ̀, ilẹ̀ pupa àti yangí lẹ sábà máa kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn náà amọ̀, lẹ́yìn náà òkúta jíjẹrà tó ń fọ́ di yanrìn, kí ẹ tó kan àpáta gan-an. Ìsàlẹ̀ òkúta jíjẹrà yẹn, àti ibi tí àpáta ti sán, ni omi tó ń bọ́ ẹ̀ẹ̀rùn wà. Bí kànga yín bá dúró sínú amọ̀, omi òjò lẹ kàn ń rí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi abẹ́lẹ̀ á lọ sílẹ̀ ju ìsàlẹ̀ kànga lọ.

Ẹ pe agbẹ́kànga padà ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀ jù, kó gbẹ́ ẹ síwájú. Bó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ fa omi jáde, ẹ má jẹ́ kó sọ ẹ̀rọ elépo kalẹ̀ sínú kànga o. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n amọ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde rin gbingbin. Ṣé kì í ṣe omi nìyẹn?

Ìdáhùn: Omi ni, kò sì kéré. Amọ̀ lè gba omi tó ìdajì ara rẹ̀, bí yanrìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ihò inú rẹ̀ wẹ́ débi pé omi lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti di ògì sínú àpò mọ̀ ọ́n: omi pọ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ ẹ ní láti fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́jú kó tó jò. Henry Darcy, ẹlẹ́rọ ará Faransé, da omi gba inú yanrìn kọjá, ó sì kọ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1856: bí omi bá ṣe ga tó lókè ló ṣe máa ń yára tó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ló ń pinnu èyí tó pọ̀ jù. Bí omi bá ń sọ̀kalẹ̀ tààrà nínú yanrìn mímọ́, ó lè rin mítà mélòó kan lójúmọ́. Nínú amọ̀ dídì, ó lè má ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ lọ́dún.

Ìbéèrè (Òkè-Ẹlẹ́rìn): Wọ́n lu kànga ẹ̀rọ fún wa, erùpẹ̀ gbígbẹ ló ń jáde. Ilé kejì rí omi.

Ìdáhùn: Wọ́n bá ibi tí àpáta ti sán, ẹ̀yin kò bá a. Mítà díẹ̀ ló lè fa ìyàtọ̀. Kí ẹ tó tún náwó, ẹ pe àwọn tó ń fi iná mànàmáná yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò. Ẹni tó bá ní kò pọn dandan, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ìbéèrè: A fa sókàwéè wa, ó tún kún láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ìdáhùn: Ilẹ̀ ni kò gbà á mọ́. Ó lè jẹ́ amọ̀, ó sì lè jẹ́ òróró àti ìdọ̀tí tó ti dí ara ògiri ihò. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ bu omi kún un mọ́jú kí ilẹ̀ mu yó, ẹ tún bu òmíràn, kí ẹ fi igi wọn ọ́n. Bí wákàtí kan bá kọjá tí omi kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ẹ má gbẹ́ sókàwéè kejì síbẹ̀. Bó bá sì lọ wàrà, ẹ má tíì yọ̀: òkúta wẹ́wẹ́ àti àpáta tó sán kì í sẹ́ ìdọ̀tí kúrò lára omi, kànga ló máa gbé e lọ. Ẹ jẹ́ kó jìnnà tó mítà 30 sí kànga, kó sì wà ní apá ìsàlẹ̀ ibi tí ilẹ̀ dà sí.