Igi tí ó yẹ ní ẹ̀bá òkun

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń kọ́lé sí ẹ̀bá òkun ní Àgbádárìgì, kí ẹ tó gbin igi, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí atẹ́gùn òkun ń gbà wọlé, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ a máa jó ewé ọsàn àti ìbẹ́pẹ títí etí ewé yóò fi gbẹ bí èyí tí iná rà. Àgbọn àti igi fúrúùtù (èyí tí àwọn kan ń pè ní almond) ni kí ẹ fi ṣíwájú. Ewé fúrúùtù nípọn, ó sì ń dán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbígbá rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ẹ̀yìn wọn ni ọsàn lè fara pamọ́ sí. Yanrìn kì í gba omi dúró, nítorí náà ẹ po ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà dáadáa mọ́ ọn, kí ẹ sì gbin àwọn igi náà ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbin àgbọn sí ibi tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sí. Gíláàsì ọkọ̀ tèmi ti fọ́ rí.