Bẹ́ ẹ ṣe lè kọ́pì fídíò orí DVD sórí kásẹ́ẹ̀tì VHS nílé

Tí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì yín bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ tọ́jú ẹ̀ o, torí iléeṣẹ́ Funai ní Japan ló ṣe é kẹ́yìn, àwọn náà sì ti dáwọ́ dúró láti 2016. Iṣẹ́ yìí ò le rárá, wáyà mẹ́ta péré ni, settings gan-an ló máa ń da èèyàn láàmú.

Ẹ wo ẹ̀yìn DVD pléyà, ẹ máa rí ihò yẹ́lò, funfun àti pupa níbi tí wọ́n kọ OUT sí. Ẹ fa wáyà látibẹ̀ lọ síbi tí wọ́n kọ IN sí lára ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, yẹ́lò ló ń gbé àwòrán, funfun àti pupa ló ń gbé ohùn. Tó bá jẹ́ ihò ohùn kan ṣoṣo ni kásẹ́ẹ̀tì yín ní, ẹ má kàn ki funfun bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ fi pupa sílẹ̀, ohùn apá kan ò ní wọlé nìyẹn, ẹ wá wáyà tó ń pa méjèèjì pọ̀ sẹ́nu kan. Pléyà tí ò ní ju HDMI lọ máa nílò kọnfátà HDMI sí AV. Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì lẹ máa wá so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kẹ́ ẹ lè rí ohun tó ń wọlé sínú ẹ̀ gan-an.

Ẹ fi rẹmóòtù kásẹ́ẹ̀tì wá L1 tàbí AV títí àwòrán á fi yọ. Kẹ́ ẹ wá wọ setup DVD, ẹ yan 4:3 Letterbox, torí tẹ́ ẹ bá fi í sí 16:9, gbogbo èèyàn inú fídíò ló máa gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Ẹ pa screen saver. Subtitle náà, ẹ yàn án báyìí, tó bá ti wọ kásẹ́ẹ̀tì, kò ṣeé yọ mọ́.

Kásẹ́ẹ̀tì T-120 máa gba wákàtí 2 ní SP, ìyẹn tí téèpù bá ń yí bó ṣe yẹ, ó lè gba 6 ní EP, níbi tó ti ń rọra yí, àmọ́ èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn EP láéláé, VHS fúnra ẹ̀ ò mọ́ tó DVD tẹ́lẹ̀, kí lẹ tún fẹ́ bà á jẹ́ sí? Tí kásẹ́ẹ̀tì bá ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ sáré yí i dópin kẹ́ ẹ yí i padà, kó lè tú ara ẹ̀. Tí wọ́n bá ti ṣẹ́ rọ́bà kékeré ẹ̀yìn ẹ̀, kò ní gbà rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹ fi sẹ́lótéèpù bo ihò yẹn.

Ẹ tẹ record àti pause lára kásẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ play lára DVD, kẹ́ ẹ wá tú pause sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú 2 kẹ́ ẹ padà wò ó ná! Tí kò bá ní kọ́lọ̀, tàbí tó ń yí gbirigbiri, ẹ yẹ PAL àti NTSC wò, ìyẹn oríṣi ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà gbé àwòrán tẹlifíṣọ̀n, díìsì àti ẹ̀rọ méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Àmọ́ tí àwòrán bá ń mọ́lẹ̀ tó tún ń ṣókùnkùn, tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má wulẹ̀ pààrọ̀ wáyà, Macrovision nìyẹn, àwọn tó ni fíìmù ló fi sí i kẹ́nikẹ́ni má bàa kọ́pì ẹ̀, ó máa ń da ibi tí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ti ń wọn ìmọ́lẹ̀ rú. Fídíò tẹ́yin fúnra yín ṣe kì í ní in.

Tó bá ti dára, ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè. Fíìmù wákàtí méjì, wákàtí méjì náà ló máa gbà, kò sí ọ̀nà àbùjá, ẹ má sì fọwọ́ kan rẹmóòtù DVD láàárín ẹ̀ torí gbogbo ohun tó bá yọ lójú tẹlifíṣọ̀n ló máa wọlé. Tó bá parí, ẹ ṣẹ́ rọ́bà ẹ̀yìn ẹ̀, kẹ́nì kan má lọ gba nǹkan míì lé e lórí.